Ta Ló Pa Ṣíìpù? Wáyà Àfọwọ́ṣe àti Èdè Àyẹ̀wò Àbùkù

Èrò kan ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ láàárín àwọn onímọ̀ èdè ní Nàìjíríà láti nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn, pé ohun tí ó ń dí àwọn èdè ilẹ̀ Áfíríkà lọ́wọ́ láti sọ̀rọ̀ ìmọ̀ ẹ̀rọ ni àìní orúkọ. Bí ìgbìmọ̀ bá ti jókòó, tí wọ́n sọ gbogbo ẹ̀yà ara ẹ̀rọ lórúkọ, tí wọ́n sì tẹ ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ jáde, a gbà pé iṣẹ́ ti parí. Èrò yìí kò tọ̀nà. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn to òòlù, ẹ̀mú àti owú sórí tábìlì, tí ó wá ń pe tábìlì náà ní ilé alágbẹ̀dẹ. Ohun tí ó ṣòro jù nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ kì í ṣe orúkọ, gbólóhùn ni: bí a ṣe ń sọ pé nǹkan kò ṣiṣẹ́, ibi tí kò ti ṣiṣẹ́, ohun tí a ti dán wò, àti ohun tí ìdánwò náà kò tíì fi hàn. Ibi tí èyí ti hàn kedere jù kéré púpọ̀, ó sì jìnnà sí yàrá ìgbìmọ̀. Orí wáyà tí ọ̀dọ́ kan fi ọwọ́ ara rẹ̀ so ni, èyí tí ó fẹ́ fi kọ iṣẹ́ sínú ṣíìpù tí ń yí ìṣe ẹ̀rọ géèmù padà.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí wáyà náà wà fún. Ilé-iṣẹ́ Microsoft gbé ẹ̀rọ géèmù Xbox 360 jáde ní ọdún 2005, wọ́n sì tì í pa. Ètò tí ilé-iṣẹ́ náà kò bá fọwọ́ sí, ẹ̀rọ náà kì í gbà á wọlé. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2011, àwọn olùwádìí kan fi ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé kan hàn. Ṣíìpù kékeré kan yóò dẹ eré ọpọlọ ẹ̀rọ náà sílẹ̀, yóò dúró de àkókò tí ẹ̀rọ ń fi àmì ìdánimọ̀ kan wé èkejì, yóò sì gbún wáyà ìtúnbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan fún nǹkan bí ìdá kan nínú mílíọ̀nù mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá. Ìgbún náà kúrú débi pé ọpọlọ ẹ̀rọ kò ní tún bẹ̀rẹ̀. Ìṣirò rẹ̀ ni yóò kàn dàrú, tí yóò fi gbà pé àmì méjì tí kò jọra jọra. Ṣíìpù tí wọ́n sábà ń lò fún iṣẹ́ yìí ni XC2C64A ti ilé-iṣẹ́ Xilinx. Òfìfo ni ó máa ń wà nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á. Ẹni tí yóò lò ó gbọ́dọ̀ kọ iṣẹ́ sínú rẹ̀ láti orí kọ̀ǹpútà, nípasẹ̀ wáyà mẹ́rin. Ọ̀kan ń gbé ọ̀rọ̀ wọlé, èkejì ń gbé ọ̀rọ̀ jáde, ẹ̀kẹta ń lu ìlù tí àwọn yòókù ń jó sí, ẹ̀kẹrin sì ń sọ ipò tí ṣíìpù gbọ́dọ̀ wà ní àsìkò kọ̀ọ̀kan. Orúkọ wọn lórí àwòrán ni TDI, TDO, TCK àti TMS. Ẹ̀karùn-ún, èyí tí a kì í kà mọ́ wọn, ni wáyà ilẹ̀ tí ó so kọ̀ǹpútà àti ṣíìpù pọ̀.

Wáyà tí ilé-iṣẹ́ ṣe fún èyí gbówó lórí. Nítorí náà, àwọn ọ̀dọ́ káàkiri ilẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í so tiwọn: orí ìsowáyà oní-píìnì 25 tí ó bá ihò ìtẹ̀wé kọ̀ǹpútà àtijọ́ mu, rẹsísítọ̀ mẹ́rin oní-100 ohm, àti wáyà díẹ̀. Kò náni lówó. Ìdí nìyí tí ó fi wọ́pọ̀, ìdí nìyí kan náà tí ó fi ń kọ̀ láti ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Nígbà tí ó bá sì kọ̀, ìdájọ́ kan ṣoṣo ni ó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wọn: “Ṣíìpù ti kú.” Wọn a tú u, wọn a fi òmíràn dípò, òmíràn náà a sì “kú”. Ìdájọ́ yìí ni ó yẹ kí àwọn olùkọ́ èdè tẹjú mọ́, nítorí pé àṣìṣe inú rẹ̀ kì í ṣe ti iná mànàmáná. Àṣìṣe gbólóhùn ni.

Ètò kọ̀ǹpútà iMPACT, tí Xilinx ṣe fún iṣẹ́ yìí, ní ìròyìn méjì tí àwọn ènìyàn máa ń kà bí ẹni pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Àkọ́kọ́ sọ pé òun kò rí wáyà. Èkejì sọ pé òun rí wáyà, ṣùgbọ́n òun kò mọ ẹni tí ó wà ní ìdí rẹ̀. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín méjèèjì tó ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ẹni tí kò rí ọ̀nà ilé àna rẹ̀ àti ẹni tí ó dé ibẹ̀ tí kò bá ẹnikẹ́ni nílé. Nínú ìròyìn àkọ́kọ́, a kò tíì dé ọ̀dọ̀ ṣíìpù rárá. Inú orí ìsowáyà náà ni a wà. Bí wọ́n ṣe ṣètò rẹ̀ ni pé kí píìnì 8, 11 àti 12 so mọ́ ara wọn nínú orí náà. Kọ̀ǹpútà yóò gbé píìnì 8 sókè, yóò sì gbé e sílẹ̀. Bí píìnì 11 àti 12 bá gbọ́ ìró náà, ó gbà pé wáyà wà níbẹ̀. Bí wọn kò bá gbọ́, ó jáwọ́. Ẹni tí ó bá gbé ṣíìpù sọ sínú agbọ̀n ìdọ̀tí nítorí ìròyìn yìí ti dájọ́ ikú fún ẹni tí ẹnikẹ́ni kò tíì fi ọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò.

Èwo nínú àwọn àbùkù ni ó sábà ń fa ìròyìn àkọ́kọ́ yìí? Ó pọ̀. Ihò ìtẹ̀wé lè wà ní pípa nínú ètò ìpìlẹ̀ kọ̀ǹpútà. Láti orí Windows NT ni Windows kò ti jẹ́ kí ètò lásán fọwọ́ kan ihò náà láìsí ètò alárinà láàárín wọn. Ẹni tí kò bá fi alárinà náà sí i kò ní rí nǹkan kan. Ohun kékeré tí wọ́n ń tà láti fi sọ ihò USB di ihò ìtẹ̀wé kò sì wúlò níhìn-ín, nítorí pé ìwé títẹ̀ nìkan ni ó mọ̀. Kò mọ bí a ti ń gbé píìnì kọ̀ọ̀kan sókè sódò. Ṣùgbọ́n èyí tí ó dára jù fún ẹ̀kọ́, tí ó sì ń dójú ti ọlọ́gbọ́n jù, ni àbùkù jígí.

Píìnì 25 náà wà ní ìlà méjì, 13 lókè, 12 nísàlẹ̀. Bí a bá dojú kọ orí ìsowáyà náà, nọ́ńbà ń lọ láti ọwọ́ kan sí èkejì. Bí a bá yí i padà láti jó lẹ́ẹ̀dì mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, ọwọ́ ti pààrọ̀. Ẹni tí ó ń wo àwòrán iwájú tí ó sì ń jó lẹ́ẹ̀dì lẹ́yìn yóò so gbogbo nǹkan bí ẹni pé inú jígí ni ó wà. Nínú ìlà òkè, 1 di 13, 2 di 12, 3 di 11. Ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí. Wáyà TDI, tí ó yẹ kí ó wà ní píìnì 2 kí kọ̀ǹpútà lè fi sọ̀rọ̀, ti bọ́ sí píìnì 12, tí ó jẹ́ etí kọ̀ǹpútà. Wáyà TDO, tí ó yẹ kí ó wọ etí tí ó wà ní píìnì 13, ti bọ́ sí píìnì 1, tí ó jẹ́ ẹnu. Ẹnu àti etí ti pààrọ̀ àyè. Píìnì 8, 11 àti 12 tí a so pọ̀ ti di 6, 3 àti 2, ẹnu mẹ́ta tí ń pariwo mọ́ ara wọn láìsí etí kan láàárín wọn. Kọ̀ǹpútà yóò sọ pé òun kò rí wáyà, òtítọ́ pọ́ńbélé ni yóò sì sọ.

Ibi tí ìtànjẹ náà wà gan-an ni wáyà ilẹ̀. Píìnì 18 sí 25 ni gbogbo wọn jẹ́ ilẹ̀. Nínú ìlà ìsàlẹ̀, jígí sọ 18 di 21, ó sì sọ 19 di 20; ilẹ̀ náà ni wọ́n ṣì jẹ́. Nítorí náà, bí oníṣẹ́ bá jó wáyà ilẹ̀ tirẹ̀ mọ́ ibi tí ó pè ní 18, tí ó wá fi mítà wò ó, mítà yóò dún, yóò sì fọkàn rẹ̀ balẹ̀ pé iṣẹ́ òun dára. Bí ó bá tún fi mítà wo wáyà yòókù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, gbogbo wọn yóò dún, nítorí pé ojú tí ó fi so wọ́n ni ó fi ń wò wọ́n. Ohun tí mítà fi hàn ni pé wáyà kò já. Kò fi hàn pé wáyà wà ní ibi tí ó yẹ. Ẹni tí kò bá lè ya gbólóhùn méjèèjì yìí sọ́tọ̀ yóò máa dá ṣíìpù lẹ́bi títí di ọ̀la, bí ó tilẹ̀ ní mítà tí ó dára jù lọ́jà. Nọ́ńbà tín-ín-tìn-ìn tí wọ́n tẹ̀ mọ́ ara orí ìsowáyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ píìnì ni ó yẹ kí ó kà, kì í ṣe àwòrán.

Nígbà tí a bá kọjá ibẹ̀, a tó dé ọ̀dọ̀ ṣíìpù. Ìlànà tí gbogbo àwọn ṣíìpù wọ̀nyí ń tẹ̀lé, IEEE 1149.1, jáde ní ọdún 1990. Ó fún ṣíìpù ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ oní-bíìtì 32, ó sì pàṣẹ pé bíìtì tí ó bá kọ́kọ́ jáde nínú nọ́ńbà náà gbọ́dọ̀ jẹ́ 1. Àṣẹ kékeré yìí kún fún ọgbọ́n. Ó túmọ̀ sí pé bí kọ̀ǹpútà bá ka òdo 32, ìyẹn kì í ṣe èsì. Kò sí ṣíìpù tí ó lè dáhùn bẹ́ẹ̀. Bóyá wáyà TDO ti fara kan ilẹ̀, bóyá ṣíìpù kò rí iná gbà. Wáyà àfọwọ́ṣe yìí kì í gbé iná fún un. Iná tirẹ̀ gbọ́dọ̀ ti ibòmíràn wá, inú rẹ̀ sì ń lo fóòtì 1.8. Bí kọ̀ǹpútà bá sì ka oókan 32, ìyẹn náà kì í ṣe èsì: wáyà ń rọ̀ lófuurufú, ohun tí kọ̀ǹpútà ń gbọ́ kò ju ìdákẹ́jẹ́ ara rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí nọ́ńbà náà bá parí sí 093 nínú òǹkà onímẹ́rìndínlógún, ṣíìpù Xilinx ni ó fèsì, ó sì wà láàyè. Bí ó bá fèsì báyìí nísinsìnyí, tí ó fèsì òmíràn lẹ́yìn náà, ìlù ni kò dán mọ́rán: wáyà ti gùn jù, tàbí wáyà ilẹ̀ kò tó. Ẹ gé e kúrú.

Ẹ jẹ́ kí àwọn tí ń kọ́ni ní gírámà wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú ìpínrọ̀ wọ̀nyí. Ọ̀rọ̀ àyálò inú wọn kò ju ìwọ̀nba lọ: ṣíìpù, píìnì, rẹsísítọ̀, mítà. Kò sí èyí tí ó fa ìdíwọ́. Ohun tí ó ṣe iṣẹ́ ni ìyísódì. Yorùbá kì í sọ “kò fèsì” nìkan. Ó tún ń sọ “kò tíì fèsì”, ó ń sọ “kì í fèsì”, ó ń sọ “kò fèsì mọ́”, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ń tọ́ka sí ibi ọ̀tọ̀ tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ṣíìpù tí kò tíì fèsì rí, orí wáyà tuntun, wáyà ni a ó fura sí, nítorí pé wáyà kò tíì fi ara rẹ̀ hàn bí ẹni tí ó dáńtọ́. Ṣíìpù tí kò fèsì mọ́ ti bá wa sọ̀rọ̀ rí; nítorí náà orí wáyà náà dára lánàá, ìbéèrè sì di ohun tí ó yí padà láàárín àná sí òní. “Kì í fèsì” jẹ́ ẹ̀sùn ńlá. Ẹni tí ó ti fi wáyà méjì àti kọ̀ǹpútà méjì dán an wò nìkan ni ó lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ ọ́. “Ti kú” ni ó gbẹ̀yìn gbogbo wọn, síbẹ̀ òun ni ènìyàn ń kọ́kọ́ sọ. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo tí ó túmọ̀ sí “ó kùnà”, èyí tí ètò kọ̀ǹpútà sábà máa ń tẹ̀ sójú, kò ya ọ̀kankan nínú wọn sọ́tọ̀. Àwọn olùkọ́ Haúsá, Ìgbò, Akan àti Ewe mọ ohun tí èdè tiwọn ní fún iṣẹ́ yìí. Ó yẹ kí wọ́n gbé e jáde.

Èyí kò túmọ̀ sí pé èdè ni ó tún wáyà ṣe. Ẹni tí ó mọ gbogbo ìyísódì inú èdè tí kò sì mọ píìnì 8, òun náà yóò ba wáyà jẹ́. Ohun tí à ń sọ ni pé èrò inú iṣẹ́ náà ti ní ilé nínú gírámà tí a ti ń kọ́ àwọn ọmọ láti ọjọ́ pípẹ́, síbẹ̀ àpẹẹrẹ tí ìwé gírámà ń lò fún “kò tíì” kò kúrò lórí Òjó tí kò tíì jẹun.

Kò yẹ kí a fojú di àwọn ìgbìmọ̀. Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bamgboṣe ṣe olóòtú rẹ̀ ní ọdún 1984 ló jẹ́ kí ó rọrùn láti fi Yorùbá kọ́ni ní Yorùbá. Àkójọ ọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò fún ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní èdè Nàìjíríà mẹ́sàn-án náà ṣe bẹbẹ. Ṣùgbọ́n àkójọ orúkọ kì í kọ́ ọmọ bí a ti ń wádìí. Iṣẹ́ àkànṣe Ifẹ̀ tí Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Modákẹ́kẹ́ ní ọdún 1970 mọ èyí. Wọn kò dúró lórí orúkọ. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ sáyẹ́ǹsì fún odindi ọdún mẹ́fà, tí ó fi jẹ́ pé inú Yorùbá ni ọmọ ti ń béèrè, tí ó ti ń jiyàn. Ìyẹn ni ó yẹ kí àwọn tí ó wá lẹ́yìn mú gbòòrò.

Dípò èyí, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà èdè ní ọdún 2022 pé kí a fi èdè abínibí kọ́ni ní ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Nígbà tí ó di oṣù kọkànlá ọdún 2025, wọ́n kéde pé àwọn ti fagi lé e, Gẹ̀ẹ́sì ni kí a padà sí. Ìdí tí wọ́n fi lélẹ̀ ni pé àwọn ọmọ ń kùnà nínú ìdánwò ńlá. Ẹ gbọ́ ìdájọ́ náà dáadáa. Ìdánwò kùnà, nítorí náà èdè ti kú. Ta ló wo orí ìsowáyà? Ṣé ìwé wà lọ́wọ́ àwọn olùkọ́? Ṣé wọ́n kọ́ àwọn olùkọ́ náà bí wọn yóò ti fi èdè abínibí kọ́ ìṣirò? Ọmọ tí ó wọ kíláàsì kìn-ín-ní lẹ́yìn ìlànà 2022 kò tilẹ̀ tíì parí ọdún mẹ́fà náà nígbà tí wọ́n dá ẹjọ́ rẹ̀. “Kò tíì” ni ó yẹ kí wọ́n sọ, “kì í” ni wọ́n sọ.

Àwọn kan yóò ní iṣẹ́ olè ni iṣẹ́ ṣíìpù yìí, pé kò yẹ kí ó wọ ìwé tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń kà. Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ ènìyàn fi irú ṣíìpù bẹ́ẹ̀ lo àdàkọ géèmù tí wọn kò sanwó rẹ̀. Kò sí ìdí láti bo ìyẹn mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n kíka ohun tí ó wà nínú ẹ̀rọ tí ènìyàn fi owó rẹ̀ rà, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. Ní ọdún 2002, Andrew Huang, akẹ́kọ̀ọ́ ní MIT nígbà náà, tẹ́tí sí wáyà tí ó wà láàárín ṣíìpù méjì nínú ẹ̀gbọ́n Xbox 360, èyí tí ó jáde ní 2001, ó sì rí kọ́kọ́rọ́ àṣírí tí ń kọjá níbẹ̀. Akéde tí ó kọ́kọ́ gbà láti tẹ ìwé rẹ̀ fà sẹ́yìn nítorí ìbẹ̀rù òfin Amẹ́ríkà ti 1998. Ní 2003 ni ìwé náà rí ojú ayé. Ní Ọsirélíà, ilé-ẹjọ́ gíga jù dájọ́ ní 2005 pé ṣíìpù PlayStation kan tí wọ́n gbé wá síwájú òun kò rú òfin tí ó wà nígbà náà. Lẹ́yìn ọdún kan ni wọ́n tún òfin ṣe. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọpọlọ ti Nàìjíríà, èyí tí ó jẹ́ ti ọdún 2022, ní apá tirẹ̀ tí ó kọ fífọ́ irú àgádágodo bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọn amòfin máa bá a lọ. Òfin kankan kò sọ pé kí ọmọ má mọ ìdí tí mítà fi dún.

Ihò ìtẹ̀wé ti kúrò lára kọ̀ǹpútà tuntun báyìí; ohun èlò USB tí a dìídì ṣe fún iṣẹ́ náà ni ó gba ipò rẹ̀. Wáyà mẹ́rin náà ṣì wà, lórí pátákó ẹ̀rọ íntánẹ́ẹ̀tì, lórí ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán, àti lórí ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń gbé wá fún àtúnṣe ní Ìkẹjà, ní Farm Centre ní Kánò, àti ní Circle ní Accra. Ọmọ iṣẹ́ tí ó jókòó ti ọ̀gá rẹ̀ níbẹ̀ kì í fi Gẹ̀ẹ́sì ìwé kọ́ṣẹ́. Olùkọ́ Yorùbá tí ó bá fẹ́ ìbéèrè kan fún ìdánwò ìparí ọdún lè mú èyí: “Ṣíìpù kan fèsì 093 lánàá. Lónìí, òdo 32 ni kọ̀ǹpútà kà. Nínú kò, kò tíì, kì í àti kò … mọ́, èwo ni ó yẹ gbólóhùn tí ìwọ yóò sọ fún ọ̀gá rẹ? Sọ ìdí rẹ̀, kí o sì dárúkọ wáyà tí ìwọ yóò kọ́kọ́ yẹ̀ wò.”